Ìdáhùn fún akẹ́kọ̀ọ́ Àjàṣẹ́ tó fẹ́ fi àkọsílẹ̀ awò Webb ṣe ìwádìí

Àbúrò mi, o béèrè bóyá o gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kí o tó lo ohun tí awò ìwòràwọ̀ Webb ń rí ní gbalasa òfúrufú fún ìwé ìparí ẹ̀kọ́ rẹ, o sì béèrè bí a ṣe ń mọ ìràwọ̀ yàtọ̀ sí gálásì, ìyẹn àgbájọ ìràwọ̀ tó pọ̀ jaburata, nínú àwòrán rẹ̀. Ìdáhùn sí ti àkọ́kọ́ kò gùn: o kò nílò ìwé àṣẹ kankan. Gbogbo ohun tí awò Hubble àti awò Webb bá rí ni wọ́n ń kó sínú àpótí àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní MAST, tí ilé ìwádìí STScI ń bójú tó ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n tọrọ àkókò lórí awò náà lè ní ẹ̀tọ́ àkọ́kọ́ sí ohun tí wọ́n rí fún sáà kan tí kì í sábà ju ọdún kan lọ, ṣùgbọ́n bí sáà náà bá ti parí, gbogbo ayé ló ni ín. Ẹni tó wà ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ kan náà sí i pẹ̀lú ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń gbé Baltimore, kò sì ní san fàráǹsì kan.

Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí pé ojú mi rí màbo lórí ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ yìí. Nígbà tí mo fẹ́ ṣe irú ìwádìí tí o ń sọ, ọ̀gá kan ní ọ́fíìsì kan tí n kò ní dárúkọ sọ pé òun kò ní fọwọ́ sí àkòrí mi, àfi bí mo bá mú lẹ́tà wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ni awò náà, kí lẹ́tà ọ̀hún sì ní òǹtẹ̀ lára. Mo ṣàlàyé fún un pé ṣíṣí ni àpótí náà wà fún ẹnikẹ́ni, mo tilẹ̀ ṣí i hàn án lórí fóònù mi, ó ní ohun tí kò bá ti ní òǹtẹ̀ kì í ṣe ìwé. Láti Kétu ni mo ti ń wọkọ̀ lọ bá a. Bí mo bá dé, wọn á ní ó ti jáde, tàbí kí wọ́n ní fáìlì mi wà lọ́wọ́ ẹnì kan tó lọ sí Kùtọnu. Òjò rọ̀ títí ó fi dá, ọyẹ́ dé, ìwé mi ṣì wà lórí tábìlì kan náà. Ohun tó dùn mí jù ni pé nígbà tó wá fọwọ́ sí i níkẹyìn, kò sí lẹ́tà kankan nínú fáìlì ọ̀hún. Ọ̀rọ̀ náà kàn sú u ni. Kí ó tó fọwọ́ sí i, ẹnì kan tí a jọ bẹ̀rẹ̀, tó mọ ìṣirò jù mí lọ dáadáa, ti fi ìmọ̀ ìràwọ̀ sílẹ̀ pátápátá, títí di òní ló sì ń dùn mí. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o mú ìwé àṣẹ wá, tẹ ojú ewé tí àpótí náà fi ṣàlàyé òfin ìlò rẹ̀ sórí bébà, fi lé e lọ́wọ́, kí o sì gba ẹ̀dà tó fọwọ́ sí pé òun ti rí i gbà. Má ṣe kúrò níbẹ̀ láìgba ẹ̀dà náà.

Má sì gbà fún ẹni tó bá sọ fún ọ pé awò wọ̀nyí kì í ṣe fún irú wa. Láti ọdún 2018 ni wọ́n ti ń yẹ ìwé ìtọrọ àkókò lórí Hubble wò láìjẹ́ kí àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò mọ orúkọ tàbí ilé ẹ̀kọ́ ẹni tó kọ ọ́, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì ń gbà fún Webb. Ohun tó wà nínú ìwé nìkan ni wọ́n ń gbé yẹ̀ wò.

Wíwá fáìlì kò ṣòro: wọ inú MAST, kọ orúkọ ohun tí o ń wá, yan Webb, yan kámẹ́rà NIRCam, kí o sì gbà á wálẹ̀. Mo dábàá pé kí o bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú agbo gálásì SMACS 0723, tí nọ́mbà iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ 2736. Òun ni àwòrán jíjìn tí wọ́n kọ́kọ́ fi han aráyé ní oṣù keje ọdún 2022; wákàtí 12 àti ààbọ̀ ni Webb fi wò ó, ìmọ́lẹ̀ agbo náà sì ti rìn fún bílíọ̀nù 4.6 ọdún kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí rẹ̀, nítorí náà wàá rí ohun tí o lè fi èsì tìrẹ wé.

Ibi tí ìyà wà gan-an ni irú fáìlì tí o máa yàn. Ọ̀mọ̀wé kan tó yẹ kó tọ́ wa sọ́nà sọ pé ẹni tí kò bá bẹ̀rẹ̀ láti orí fáìlì tútù tí wọn kò tíì tún ṣe, èyí tí orúkọ rẹ̀ parí sí «uncal», kì í ṣe onímọ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò gba ọ̀kan wálẹ̀ rí. Fáìlì wọ̀nyẹn pọ̀, wọ́n sì wúwo. Bí mo bá fi wọ́n sílẹ̀ lálẹ́ kí wọ́n máa wọlé, iná á lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, wọn á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, owó dátà á sì ti jóná. Fún iṣẹ́ tìrẹ, fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí «i2d» ni kí o gbà. Wọ́n ti yọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ àbùkù ẹ̀rọ kúrò nínú rẹ̀, wọ́n sì ti pa ìwòye púpọ̀ pọ̀ di ẹyọ kan. Ẹyọ kan ṣoṣo lè ju gígábáìtì kan lọ, nítorí náà lo àkọsílẹ̀ àṣẹ «curl» tí MAST máa ń fún èèyàn, èyí tó lè tẹ̀síwájú láti ibi tí iná ti já a, bí o bá fi àmì «-C -» kún un. Bí o bá fẹ́ ìwòye Hubble kún un, èyí tí orúkọ rẹ̀ parí sí «drz» tàbí «drc» ni ó jọ i2d. Ṣọ́ra fún àwòrán Hubble tí ọjọ́ rẹ̀ ṣáájú oṣù Kejìlá ọdún 1993: dígí ńlá rẹ̀ ní àbùkù láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e lọ sókè ní oṣù Kẹrin ọdún 1990, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ a sì máa fọ́n ká títí àwọn arìnrìn-àjò òfúrufú fi lọ tún un ṣe.

Nígbà tí o bá fi ètò kọ̀ǹpútà DS9 ṣí fáìlì i2d rẹ, tàbí Aladin, tí àwọn ará Strasbourg ní Faransé ṣe, tí o sì lè lò ní èdè Faransé, òkùnkùn ni wàá kọ́kọ́ rí, àti àmì funfun díẹ̀ káàkiri. Fáìlì náà kò bàjẹ́. Bí DS9 ni o lò, lọ sí ibi tí wọ́n kọ «scale» sí, yan «log», lẹ́yìn náà yan «zscale». Gálásì á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níbi gbogbo, títí kan àwọn tí ìmọ́lẹ̀ wọn tẹ̀ gbọọrọ yí àárín agbo náà ká, nítorí pé ìwúwo agbo ọ̀hún ló ń tẹ ìmọ́lẹ̀ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Dúdú àti funfun nìkan ni wàá rí. Àwọ̀ tí o ń rí nínú ìwé ìròyìn, àwọn èèyàn ló fi sí i: ọ̀pọ̀ jù lọ ìmọ́lẹ̀ tí Webb ń gbà kọjá ohun tí ojú wa lè rí, wọ́n sì máa ń fi àwọ̀ búlúù fún ìgbì tó kúrú, pupa fún èyí tó gùn. Má ṣe wọn ìmọ́lẹ̀ ohunkóhun lórí àwòrán aláwọ̀ yẹn, ẹnikẹ́ni tí ì báà sọ fún ọ pé ó tó.

Ó yẹ kí n ti sọ ti ìràwọ̀ àti gálásì ṣáájú. Ìràwọ̀ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ojú àmì kan ṣoṣo ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti ń wá, nítorí náà gbogbo ìràwọ̀ inú àwòrán kan ní ìrísí kan náà, ìmọ́lẹ̀ wọn nìkan ló yàtọ̀. Bí wọ́n bá mọ́lẹ̀ gan-an, wàá rí ìlà ìmọ́lẹ̀ bí ẹ̀gún, mẹ́fà ńlá àti méjì kékeré, lára wọn, tí ìrísí dígí Webb alábala 18 àti àwọn ọ̀pá tó gbé dígí kékeré rẹ̀ dúró fà. Gálásì sábà máa ń fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kì í sì í ní ẹ̀gún. Ṣùgbọ́n ẹ̀gún nìkan kò tó ẹ̀rí: ìràwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò lágbára kò ní fi tirẹ̀ hàn, gálásì tí àárín rẹ̀ mọ́lẹ̀ kíkankíkan sì lè ní in. Wọn fífẹ̀ rẹ̀, kí o fi wé fífẹ̀ ìràwọ̀ tó dá ọ lójú nínú asẹ́ kan náà (ohun tó ń jẹ́ kí irú ìgbì ìmọ́lẹ̀ kan nìkan kọjá), bíi F200W.

Bí o bá rí ohun tó rí bí èéfín tín-ín-rín nínú àwòrán NIRCam, má ṣe yára pè é ní kùrukùru ojú sánmà. Ìmọ́lẹ̀ tó ṣìnà wọ inú awò ló sábà máa ń fà á, ojú kan náà ló sì máa ń wà lórí ẹ̀rọ agbàmọ́lẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ yí awò náà sí apá ibòmíràn ní ojú ọ̀run. Àwọn tó ń yẹ ìwé wò ní ibi tiwa kì í mọ èyí, wọ́n á sì fi maàkì sí i fún ọ bí ẹni pé o ti rí nǹkan tuntun, tàbí kí wọ́n yọ maàkì nítorí pé o kò dárúkọ rẹ̀. Kọ ọ́ sínú ìwé rẹ ní kedere.

Kí o tó kọ «ìràwọ̀» síwájú ohunkóhun, wò ó nínú àkójọ Gaia, awò tó ń wọn ipò ìràwọ̀, èyí tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2022, tí ohun inú rẹ̀, tí ìràwọ̀ pọ̀ jù nínú wọn, tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.8. Bí Gaia bá ti rí i pé ó ń yí ipò padà díẹ̀díẹ̀ ní ojú sánmà, inú gálásì tiwa ló wà, ìràwọ̀ sì ni. Ọ̀pọ̀ èyí tí Webb rí kò sí níbẹ̀, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ wọn ti kéré jù fún Gaia. Fún ìwọ̀nyẹn, fífẹ̀ tí o bá wọ̀n àti ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ nínú asẹ́ mẹ́ta ó kéré tán ni kí o kọ sílẹ̀, kí o sì kọ «kò dájú» sí iwájú èyí tí wọn kò bá fìdí rẹ̀ múlẹ̀.