Láàrin Plato àti Machiavelli: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán, sà. Ọdún kẹta ni mo wà ní yunifásítì, filọ́sọ́fì ni mò ń kà. Bí olùkọ́ wa ṣe parí Plato àti Aristotle, àwọn Gíríìkì àtijọ́, orí Machiavelli, ará Ítálì tó kọ̀wé lórí ìṣèlú ní nǹkan bí 1500, ló fò sí. Ó ní ẹ̀sìn nìkan làwọn ará ìgbà tó wà láàrin ń rò, wọn ò ráyè ọ̀rọ̀ ìṣèlú. Ilé kéú ni èmi ti jáde, mo sì ti gbọ́ orúkọ al-Farabi, onímọ̀ filọ́sọ́fì Mùsùlùmí. Mo fẹ́ fi ṣe prójẹ́ẹ̀tì mi. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò, má dá olùkọ́ yín lẹ́bi jù, bí wọ́n ṣe kọ́ òun náà nìyẹn. Ọ̀dọ̀ al-Farabi fúnra rẹ̀, tó kú ní nǹkan bí 950, ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Má tíì lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣàlàyé rẹ̀. Wá al-Madina al-Fadila, ìwé rẹ̀ lórí ìlú tó dára. Friedrich Dieterici ti tẹ Lárúbáwá rẹ̀ jáde ní Leiden ní 1895. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run àti ìràwọ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀, ó sì le. Fara dà á. Iwájú ló ti fi ìlú wé ara tó le koko, tí olórí jẹ́ ọkàn rẹ̀. Ó ka ànímọ́ 12 tí wọ́n gbọ́dọ̀ bí mọ́ olórí, ó wá gbà pé agbára káká la fi ń rí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ọgbọ́n bá wà lọ́wọ́ ẹnì kan, tí ìyókù wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí àwọn méjèèjì jọ ṣe olórí. Ṣé ẹni tí kò ro ìṣèlú ló ń sọ̀rọ̀ báyìí?

Àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù kúkú ti ń ka àwọn ìwé yìí tipẹ́. Ernest Renan kọ̀wé lórí Ibn Rushd (Averroes), onímọ̀ filọ́sọ́fì Mùsùlùmí, ní 1852. Salomon Munk túmọ̀ Dalalat al-Ha'irin, ìwé Maimonides, Júù onímọ̀ filọ́sọ́fì, sí Faransé. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run àti ẹ̀mí ni wọ́n ń wá níbẹ̀. Àfi ìgbà tí Leo Strauss, Júù ọmọ Jámánì, ka gbólóhùn kan nínú ìwé Ibn Sina (Avicenna), onímọ̀ filọ́sọ́fì Mùsùlùmí mìíràn, pé ọ̀rọ̀ ànábì àti òfin wà nínú ìwé Plato lórí òfin. Gbólóhùn kan péré! Ó wá yé e pé lójú al-Farabi àti Maimonides, ẹni tó gbé òfin kalẹ̀ fún ìlú ni ànábì. Ohun tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ pè ní ẹ̀sìn, ìṣèlú ló wà nínú rẹ̀. Ó tẹ ìwé jáde lórí èyí ní 1935. Muhsin Mahdi, ọmọ Karbala ní Ìráàkì, kàwé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Chicago, òun ló wá ń tẹ àwọn ìwé al-Farabi jáde látinú ìwé àfọwọ́kọ. Àkójọ tí òun àti Ralph Lerner ṣe ní 1963 dára fún ọ: Mùsùlùmí, Júù àti Kìrìsìtẹ́nì jọ wà nínú rẹ̀.

Ti Ibn Rushd tilẹ̀ yani lẹ́nu. Lárúbáwá àlàyé tó ṣe lórí ìwé Plato nípa ìlú ti sọnù. Ìtumọ̀ sí Hébérù tí Júù ará Marseille kan ṣe ló kù, òun ni Erwin Rosenthal tẹ̀ jáde ní 1956. Ibẹ̀ ni Ibn Rushd ti sọ pé bí wọ́n ṣe fi obìnrin sí ìdí ọmọ bíbí àti ọkọ nìkan wà lára ohun tó sọ àwọn ìlú ìgbà tirẹ̀ di òtòṣì.

Maimonides ńkọ́? Lárúbáwá ló fi kọ Dalalat al-Ha'irin yẹn, ṣùgbọ́n lẹ́tà Hébérù ló fi kọ ọ́, bí àwọn alùfáà wa ṣe ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Yorùbá. Hüseyin Atay ti dá a padà sí lẹ́tà Lárúbáwá ní Ankara ní 1974. Wàá lè kà á.

Ṣọ́ra fún Strauss níbì kan. Ó gbà pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ làwọn àgbà yìí ń sọ, nítorí ìbẹ̀rù, kí ọmọlúàbí lè sọ ọ́ di odidi. Ó rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Maimonides fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fi nǹkan pamọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìwé ló ní awo nínú. Dimitri Gutas ta ko ọ̀nà ìkàwé yìí gidigidi ní 2002, kà á pẹ̀lú.

Fún prójẹ́ẹ̀tì, má gbé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ olórí méjì yẹn nìkan tó ọ kọ.