Ṣé èèwọ̀ ni "ààrò mẹ́ta kì í d'ọbẹ̀ nù"?

Ẹni tó bèèrè pé ṣé lóòótọ́ ni pé èèwọ̀ ààrò ló ń jẹ́ káwọn ìyá abúlé kọ sítóòfù tuntun, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bèèrè, torí èmi náà gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gbẹ́ni kan lórí rédíò, ó ní òrìṣà mẹ́ta ni òkúta mẹ́ta yẹn dúró fún, inú bí mi débi pé mo pa rédíò. Irọ́ ni o! Kò séèwọ̀ kankan níbẹ̀.

Ẹ gbé ìkòkò lé òkúta mẹ́ta, kódà kílẹ̀ má tẹ́jú, gbogbo wọn ló máa kan ìdí ìkòkò. Ẹ wá fi ìkẹrin kún un, ọ̀kan á ṣófo, ìkòkò á bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ohun táwọn àgbà rí nìyẹn kí wọ́n tó pa á lówe. Ìyá mi àgbà l'Ókè-Ògùn, tó bá ń ro ọkà fún bí èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á dìde dúró ni, á fi ọwọ́ méjèèjì di ọmọorógùn mú, òógùn á máa bọ́, ìkòkò ò sì ní yẹ̀. Ẹ wá gbé sítóòfù ẹlẹ́sẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ṣé kó da ọkà gbígbóná sára ni?

Ọ̀rọ̀ owó náà wà ńbẹ̀ ṣá, igi oko ọ̀fẹ́ ni, gáàsì ò sì ṣeé fi se irú tó máa hó mọ́jú. Èéfín náà ló sì ń lé kòkòrò kúrò lára àgbàdo tí wọ́n so sókè ààrò.

Mi ò sọ pé èéfín dáa o, ó ń pani. Ìwádìí táwọn dókítà ṣe n'Ìbàdàn, tó jáde ní 2017, wọ́n fún àwọn aláboyún kan ní sítóòfù tó ń lo ethanol, ìyẹn ọtí tí wọ́n fi ń dáná, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ń ru nínú wọn kéré sí ti àwọn tó dúró ti igi àti kẹrosíìnì. Ṣùgbọ́n ní 2014 tíjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí bílíọ̀nù 9.2 náírà láti ra sítóòfù 750,000 fáwọn obìnrin ìgbèríko, ẹni mélòó nínú àwọn tó ṣètò ẹ̀ ló kọ́kọ́ ro ọkà lórí ẹ̀ wò?

Àwa náà sì jẹ̀bi. Àwọn ọmọ wa ń kọ òwe ààrò mẹ́ta sórí káàdì ìgbéyàwó, wọn ò fojú kan ààrò rí. Àdògán ńkọ́, tí wọ́n fi amọ̀ mọ yí iná ká, tí afẹ́fẹ́ ò ní gbé iná káàkiri, tígi ò sì ní jó dànù? Sítóòfù tiwa nìyẹn, ta ló ṣì ń mọ ọ́n!

Màmá mi ṣì wà lábúlé. A ra gáàsì fún un, ó fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, òun ló fi ń se ògì láàárọ̀, òun ló fi ń gbé omi tíì kaná. Tó bá di ọkà alẹ́, ìdí ààrò lẹ máa bá a.