Ìbéèrè Yín: Níbo ni kọ́bọ́ọ̀dù yìí ti wá?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, mo ra kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́ aláwọ̀ búlúù kan, òdòdó wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀. Wọ́n kọ “Anno 1824” àti “Maria Huberin” sí i. Ẹni tó tà á ní ti Sweden ni. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: A kò rò bẹ́ẹ̀. “Anno” kò fi ìlú kankan hàn. Látìnì ni, ó túmọ̀ sí “ní ọdún”, ibi púpọ̀ ni wọ́n ti ń kọ ọ́. Orúkọ yẹn ló tú àṣírí: láyé ìgbà yẹn, ní Bavaria (ní Germany) àti Austria, wọn a máa fi “-in” parí orúkọ ìdílé obìnrin. Ní Sweden, lẹ́tà mẹ́ta lẹ ó sábà rí, bíi A.O.D., ìyẹn Anna Olsdotter; D ni “dotter”, ọmọbìnrin. Tó bá jẹ́ ọkùnrin, S ni yóò gbẹ̀yìn, ìyẹn “son”, ọmọkùnrin.

Ti ọdún 1824 wá ńkọ́? Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́ sí pákó ẹ̀yìn rẹ̀. Bí àpá ayùn bá tẹ̀ kọrọdọ, ayùn ẹlẹ́rọ tó ń yí ló là á, ó sì ṣeé ṣe kí pákó náà kéré sí ọjọ́ orí tí wọ́n kọ, àfi tí wọ́n bá ti pààrọ̀ ẹ̀yìn nìkan. Ẹ wo inú ojú ìfọ́ pẹ̀lú: ọ̀dà tó bá ṣàn wọ ibi tó ti fọ́, lẹ́yìn ìfọ́ ni wọ́n kùn ún.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi omi nù ún. Ọ̀dà àtijọ́ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù pò lè bá aṣọ ìnuǹkan lọ.