Ọkọ̀ alòkù kékeré wo ló yẹ ẹni tó ń kọ́ ọkọ̀ wíwà ní Nàìjíríà?

Bí owó ọwọ́ yín kò bá pọ̀, Toyota Yaris tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 2007 sí 2011 ni màá kọ́kọ́ dárúkọ, nítorí pé ẹ́ńjìnnì lítà 1.5 tó wà nínú àwọn tó ti Amẹ́ríkà wá kì í jẹ epo púpọ̀, ó rọrùn láti yí lójú ọ̀nà tóóró, àwọn mẹkáníìkì wa sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Corolla tóbi jù ú lọ díẹ̀, àmọ́ ẹ̀yà ara rẹ̀ wà káàkiri ọjà. Kia Picanto dára fún ìgboro. Lójú tèmi, kò fi bẹ́ẹ̀ bá ìrìn àjò ọ̀nà jíjìn mu.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ mú mẹkáníìkì tí kò bá ẹni tó ń tà á tan dání. Ẹ ṣíná ọkọ̀ náà nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì tutù, torí pé èéfín aláwọ̀ búlúù ń fi hàn pé ó ń jó ọ́ìlì. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè: ìpẹtà àti òórùn ọ̀rinrin sábà máa ń tú àṣírí ọkọ̀ tí àgbàrá ti wọ̀ rí, kódà bí wọ́n bá ti kùn ún tó ń dán. Ẹ sì rí i pé nọ́ńbà ṣáásì tí wọ́n tẹ̀ sára ọkọ̀ bá ti inú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù mu.