Ọmọ mi di ààrẹ fraternity ní yunifásítì: ṣé kí a fagbára yọ ọ́ ni?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Houston ni a ń gbé, ọmọ wa ọkùnrin sì ti wọ ọdún kẹta ní yunifásítì níbí ní Texas. Fọ́tò ni mo kọ́kọ́ rí lórí fóònù àbúrò rẹ̀: ó wọ jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ lẹ́tà àwọn Gíríìkì sí láyà, àwọn ọmọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ yí i ká. Ó ti lé lọ́dún kan tó ti wọlé, kò sọ fún wa. Ọ̀kan nínú àwọn fraternity (ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin) ti àwọn aláwọ̀ dúdú ni. Ní báyìí wọ́n tún ti dìbò yàn án ṣe ààrẹ ẹ̀ka wọn fún ọdún tó ń bọ̀. Bàbá rẹ̀ ní àfi kó jáde, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó lọ máa wá owó iléèwé ara rẹ̀. Èmi wà ní yunifásítì Ifẹ̀ ní 1999, ẹ ó mọ ìdí tí ara mi fi ń gbọ̀n. Ọmọ náà ní, "Mọ́mì, bí ọmọ ìyá ni gbogbo wa ṣe wà, ohun tí à ń ṣe níbẹ̀ kò ṣeé sọ síta." Ṣé kí a fagbára yọ ọ́ ni?

Ìdáhùn

Ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín, mo sì kí bàbá. Maryland ni èmi wà. Ọmọ mi ọkùnrin náà ṣe irú ẹgbẹ́ yìí. Ó ṣe akápò, ó sì ṣe ààrẹ kó tó gboyè jáde, nítorí náà ohun tí mo fojú rí ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ̀rù tó ń bà yín kò ṣàjèjì sí mi. Ta ni nínú wa tó lè gbàgbé ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 1999, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ya wọ ọgbà OAU, yunifásítì Ifẹ̀, lóru, tí wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún, tí George Iwilade, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, wà lára wọn? Èyí àkọ́kọ́ nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé wa, Pyrates, tí Wọlé Ṣóyínká àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́fà dá sílẹ̀ ní yunifásítì Ìbàdàn ní 1952, kì í ṣe ti ìbọn. Bí àwọn kan ṣe ń yapa, tí àwọn mìíràn sì ń dá tiwọn sílẹ̀ ní àwọn ọdún tó tẹ̀lé e, ni ọ̀rọ̀ fi di ti ẹ̀jẹ̀. Ìdí tí mo fi mẹ́nu bà á ni pé ohun tí àwọn ọmọ ọdún yìí bá gbé lé àwọn ọmọ ọdún tó ń bọ̀ lọ́wọ́ ló ń sọ ẹgbẹ́ di rere tàbí búburú, ọmọ yín ló sì kàn báyìí láti gbé nǹkan lé wọn lọ́wọ́.

Ti Amẹ́ríkà ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1906, ní Cornell University ní ìlú Ithaca, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú kéré níye, àwọn òyìnbó kò sì fún wọn láyè nínú ẹgbẹ́ tiwọn. Méje nínú wọn ló kóra jọ dá Alpha Phi Alpha sílẹ̀, kí wọ́n lè jọ kàwé, kí wọ́n sì lè di ara wọn mú. Kappa Alpha Psi tẹ̀lé e ní yunifásítì Indiana ní 1911, Omega Psi Phi ní yunifásítì Howard lọ́dún kan náà, Phi Beta Sigma ní Howard ní 1914. Iota Phi Theta ló dé kẹ́yìn, ní Morgan State ní Baltimore ọ̀dọ̀ wa níbí, ní 1963. Martin Luther King àti Thurgood Marshall, adájọ́ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, ọmọ Alpha ni wọ́n. Nnamdi Azikiwe tiwa àti Kwame Nkrumah ti Ghana, ọmọ Phi Beta Sigma. Bí ẹ bá ti dé ibi ìrántí King ní Washington, èyí tí wọ́n ṣí ní 2011, àwọn Alpha ló bẹ̀rẹ̀ akitiyan rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ yunifásítì ni wọ́n, wọ́n ní ọ́fíìsì àpapọ̀, àgbà tó ti jáde sì ń ṣe olùdámọ̀ràn fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí ipò ààrẹ fi kọ́ ọmọ mi pọ̀. Ẹ̀ka kékeré ni tiwọn, ṣùgbọ́n òun ló ń pe ìpàdé, òun ló ń rí i pé owó ẹgbẹ́ dé ọ́fíìsì àpapọ̀ lásìkò, òun ló ń gba gbọ̀ngàn tí wọ́n bá fẹ́ ṣe step show (ijó àfẹsẹ̀lulẹ̀ tí ẹgbẹ́ wọn máa ń jó), òun ló tún ń wo máàkì olúkúlùkù kó má bàa já wálẹ̀. Nígbà kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ jẹ owó ẹgbẹ́, òun ló sì ní láti sọ fún un pé kò ní dìbò títí yóò fi san án. Ọmọ ogún ọdún! Mo gbọ́ bó ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ tutù, kò bú u, kò sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Nígbà tí àìsàn gbé ọ̀kan nínú wọn dé ilé ìwòsàn, tí àwọn òbí rẹ̀ ṣì wà lọ́nà láti ìpínlẹ̀ mìíràn, ńṣe ni wọ́n pín òru náà láàárín ara wọn, wọn kò fi ọmọ náà sílẹ̀ lóun nìkan. N kò lè kórìíra irú àjọṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà àbáwọlé ni ewu wà, ẹnu ọ̀nà náà sì ni wọ́n fi ọmọ yín ṣọ́ báyìí. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ wọlé á jìyà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀: wọ́n á fi pákó na án, wọn kò ní jẹ́ kó sùn. Ní 1990, àwọn ẹgbẹ́ tó wà lábẹ́ National Pan-Hellenic Council, àjọ tó kó àwọn ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú wọ̀nyí pọ̀, fòpin sí i. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ wọlé kọ fọ́ọ̀mù, kí wọ́n fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, kó kọ́ ìtàn ẹgbẹ́, kí wọ́n sì gbà á wọlé. Àwọn kan kàn gbé ìyà náà lọ sí ìkọ̀kọ̀ ni. Ẹni tó bá sì gba ọ̀nà tó tọ́ wọlé, wọ́n á máa pè é ní "paper", wọ́n á máa wò ó bí ẹni tí kò wọlé rárá. Ẹ̀sín yìí ló ń ti ọmọ rere lọ síbi tí wọ́n ti máa lù ú.

Ní oṣù kejì ọdún 2017, Timothy Piazza, ọmọ ọdún 19, lọ sílé fraternity kan tó fẹ́ wọ̀ ní Penn State. Wọ́n rọ ọ́ lọ́tí yó, ó ṣubú láti orí àtẹ̀gùn, ó sì tó nǹkan bíi wákàtí méjìlá kí wọ́n tó ké sí ẹnikẹ́ni. Ọmọ náà kú. Ààrẹ ẹ̀ka náà wà lára àwọn tí wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́, adájọ́ sì rán an lẹ́wọ̀n ní 2024. Kí a má sì rò pé àwọn òyìnbó nìkan ló ń ṣe é: ní oṣù kejì ọdún 2025, ní Southern University ní Baton Rouge, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ 20 ọdún kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, tó fẹ́ wọ ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, kú lẹ́yìn tí wọ́n fi ìkúùkù lù ú láyà, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọlọ́pàá ṣe sọ.

Ààrẹ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wá. Òfin Texas kò sì wò ó bóyá ẹni tí wọ́n lù gbà kí wọ́n lu òun. Ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ tí kò sọ, òun náà jẹ̀bi. Bí ọmọ yín kò bá tíì di ọmọ orílẹ̀-èdè níbí, ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ tún lè ba ìwé ìgbélùú rẹ̀ jẹ́.

Síbẹ̀, ẹ má fagbára yọ ọ́. Ọmọ tó fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún yín lọ́dún kan lè fi òmíràn pamọ́, bí ẹ bá sì dá owó iléèwé rẹ̀ dúró, ọ̀dọ̀ àwọn yẹn náà ni yóò sá lọ. Ẹ pè é jókòó. Kí bàbá wà níbẹ̀, kó sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Kó tó dọjọ́ náà, ẹ lọ sórí ìkànnì yunifásítì rẹ̀: òfin Texas ti 2019 ní kí wọ́n máa gbé orúkọ ẹgbẹ́ tí wọ́n bá fìyà jẹ nítorí hazing (ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ẹni tó fẹ́ wọ ẹgbẹ́) jáde, òfin àpapọ̀ tí Ààrẹ Biden fọwọ́ sí ní oṣù kejìlá ọdún 2024 sì fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ káàkiri. Bí ẹ bá rí orúkọ ẹ̀ka rẹ̀ níbẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ gbé e síwájú rẹ̀.

Ẹ má bi í nípa bí wọ́n ṣe ń bọ ara wọn lọ́wọ́ tàbí orin tí wọ́n ń kọ. Ẹgbẹ́ ilé wa náà ní àṣírí tirẹ̀. (Tó bá jẹ́ ti ẹ̀sìn ló ń kọ yín lóminú, ẹ̀yin àti pásítọ̀ tàbí ààfáà yín lẹ ó jọ yanjú ìyẹn.) Bí òun ṣe wọlé ni kí ẹ bi í, kí ẹ sì máa wo ojú rẹ̀ bó ti ń dáhùn. Ẹ bi í pé nígbà tí àwọn tuntun bá ń wọlé lábẹ́ rẹ̀, ṣé àgbà olùdámọ̀ràn yóò wà níbẹ̀ lójúkojú. Ẹ bi í pé ta ló ń bá akápò fọwọ́ sí owó. Èyí tó ká mi lára jù rèé: bí àwọn tó ti gboyè jáde bá padà wá lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí wọ́n ní, "Wọ́n lu àwa náà, àwọn wọ̀nyí kò lè wọlé lọ́fẹ̀ẹ́," kí ni ìwọ ààrẹ máa ṣe?

Irú ọ̀rọ̀ yìí mú kí ọmọ mi dá ìgbàwọlé dúró fún odindi sáà kan. Àwọn ẹ̀gbọ́n ẹgbẹ́ bínú, àwọn kan kò sì kí i mọ́ títí ó fi gboyè. Ẹ̀ka náà kò tú ká, àwọn tó wọlé lẹ́yìn náà kò sì gba ìgbátí kan.

Bí ìdáhùn ọmọ yín bá ṣe tààrà, ẹ jẹ́ kó gba ipò náà, kí ẹ sì gba nọ́ńbà olùdámọ̀ràn ẹ̀ka náà sínú fóònù yín. Bó bá ń yí ọ̀rọ̀ po, tàbí tó ní òun kò lè dá àwọn ẹ̀gbọ́n dúró, kó kọ̀wé pé òun kò ṣe ààrẹ mọ́ kí ìgbàwọlé sáà tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá sì jẹ́wọ́ pé ìlùkulù ti ń lọ níbẹ̀, ẹ bá lọ́yà sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kó tó lọ bá yunifásítì: òfin Texas ń dáàbò bo ẹni tó bá tètè jáde sọ ohun tó mọ̀, kí wọ́n tó wá bi í.