Kí ni iṣẹ́ agbẹjọ́rò tó ń bójú tó ẹjọ́ owó orí ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà?

Òun ló ń gbèjà oníṣòwò tí ìjọba ìpínlẹ̀ bá sọ pé owó orí tó san kò pé. Ìwé ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, kì í ṣe àròyé ní kóòtù: yóò yẹ àkọsílẹ̀ owó wò, yóò kọ̀wé ta ko iye tí wọ́n bù kí gbèdéke òfin tó kọjá (ẹni tó bá pẹ́ lè pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀). Bí wọn ò bá gbà, ó dẹjọ́ nìyẹn.

Èyí tó máa ń le ni bóyá ìpínlẹ̀ náà tiẹ̀ láṣẹ lórí olùtajà tí kò ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Lọ́dún 2018, nínú ẹjọ́ ìpínlẹ̀ South Dakota àti Wayfair, ilé iṣẹ́ tó ń tajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní kò dìgbà tí olùtajà bá ní ilé níbẹ̀ kó tó di dandan pé kó gba owó orí ọjà lọ́wọ́ oníbàárà fún ìpínlẹ̀.