Táyà wo ló yẹ ẹ̀rọ ìgéko tí à ń gùn?

Ẹ ní táyà ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìgéko ilé-ẹ̀kọ́ yín n'Ílé-Ifẹ̀ ti sán, kò gba afẹ́fẹ́ mọ́. Kí ẹ tó jáde lọ ra òmíràn, ẹ fi àkísà tútù nu erùpẹ̀ pupa kúrò lára rẹ̀. Ẹ ó rí nọ́ńbà bíi 20x8.00-8. 20 ni gíga rẹ̀, 8.00 ni fífẹ̀ rẹ̀, 8 tó gbẹ̀yìn ni ìwọ̀n rímù. Íǹṣì ni gbogbo rẹ̀. Nọ́ńbà kan náà ni kí ẹ rà.

Ẹ yan èyí tí ojú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Olójú gbàgù-gbàgù bíi ti katakata á máa hú koríko, àgàgà lásìkò òjò. Táyà ẹ̀yìn méjèèjì ni kí ẹ jọ pààrọ̀: bí ọ̀kan bá ga ju èkejì lọ, abẹ á fì sápá kan, koríko á kúrú níhìn-ín, á ga lọ́hùn-ún.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ti fọkanáísà. Bíi ti mọ́tò ni wọ́n sábà ń fẹ́ ẹ, ó sì léwu. Ọ̀pọ̀ táyà ìgéko kò nílò ju 10 sí 14 psi (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ inú táyà) lọ. Iye tí kò gbọdọ̀ kọjá wà lára táyà náà.